Lẹ́tà Gíga Tí Kì í Gé Orúkọ

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Ẹni tó bá ṣì ń jẹ itan adìyẹ, kó máa jẹ ẹ́ lọ, etí kọ́ la fi ń jẹran. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ta ló kọ pátákó tó wà lórí koríko níta, èyí tí àwọn ọkọ̀ ń dín eré kù níwájú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi pẹ̀lú Olúwatófaratì, ọmọ ọmọ mi, tí a torí ẹ̀ péjọ lónìí nítorí pé ó ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó tí ẹ ń wò yìí, tó máa ń wá gíláàsì kiri ilé nígbà tí gíláàsì wà lórí imú rẹ̀, iṣẹ́ lẹ́tà ló fi tọ́ Rónkẹ́, ìyá Olúwatófaratì, dàgbà.

Díẹ̀ ló kù kí ààbọ̀ orúkọ ọmọ yẹn wà lára pátákó náà. Ó dùn mí débi pé n kò lè jẹun. Ẹ lè sọ pé kí ló wà nínú pátákó lásán? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá gé orúkọ ọmọ sí méjì, ó ti fi ààbọ̀ ilé sílẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí Òṣogbo, ẹ̀bá réluwéè, nígbà tí ara mi ṣì ń ta bí ata.

Láyé ìgbà náà, ara ògiri ni ìròyìn ń gbé. Bí ẹgbẹ́ eléré bá ń bọ̀ nílùú, ara ògiri la ti máa ń rí i. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ ṣe ìkórè, bí mọ́ṣáláṣí bá fẹ́ ṣe wáásí, bí àgbà kan bá sùn tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe òkú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ìwé ńlá ni wọ́n ń lẹ̀ káàkiri. Bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí Kérésìmesì, ògiri ìlú á kún fọ́fọ́, ẹni tó ń lọ sódò á máa kà á lọ, ẹni tó ń bọ̀ á máa kà á bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á dúró kí ẹlòmíràn kà á fún un, ibẹ̀ ni wọ́n á ti di ọ̀rẹ́. Lónìí, ìròyìn á wọ inú fóònù yín, ẹ ó fi àtàǹpàkò gbá a kúrò bí ẹni gbá eṣinṣin. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi àtàǹpàkò gbá ògiri kúrò kí n rí i.

Ilé ìtẹ̀wé ló ń ṣe àwọn ìwé náà, lẹ́tà sì ni ẹrù ilé ìtẹ̀wé. Àwọn kéékèèké jẹ́ òjé, àwọn ńlá jẹ́ igi. Nínú àwọn onígi yìí, ẹbí kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n ga, wọ́n nípọn, wọ́n dúdú kirikiri lórí ìwé, síbẹ̀ wọn kò fẹ̀. Àwọn lẹ́tà mìíràn máa ń wọ bàtà sí ẹsẹ̀, wọ́n á dé fìlà sórí, ṣùgbọ́n àwọn tèmi kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Wọ́n kàn dúró gbọọrọ, èjìká kan èjìká, bí àwọn tó fún ara wọn pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó pẹ́ dé lè ríbi jókòó. Súnmọ́ra la máa ń pè wọ́n nílé iṣẹ́. Bí oníbàárà bá dé tó fẹ́ ìwé tí ayé á rí, ọ̀gá á kígbe pé, "Ẹ gbé àpótí Súnmọ́ra wá!"

Ṣé ẹ rí i, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe ojú ọ̀run. Orúkọ Yorùbá gùn. Odindi àdúrà ni, ẹlòmíràn tilẹ̀ ń jẹ́ ìwàásù. Bí ẹ bá fi lẹ́tà tó fẹ̀ kọ ọ́, ìwé á tán kí orúkọ tó tán. Bí ẹ bá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, ẹni tó wà ní òdìkejì ọ̀nà á rò pé èèrà ló ń tò lórí ìwé. Súnmọ́ra nìkan ló gba orúkọ gígùn mọ́ra lórí ìlà kan ṣoṣo, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì lè kà á láìsọ̀kalẹ̀.

Èmi kì í ṣe ọmọ ilé ìtẹ̀wé tẹ́lẹ̀ o. Télọ̀ ni mo kọ́. Mo parí iṣẹ́ kíkọ́, ó ku kí wọ́n ṣe fíríídọ̀mù fún mi, ọjọ́ tí ọ̀gá á fi ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹbí àti ará pé ìwọ náà ti di ọ̀gá. Ọjọ́ ńlá ni, ó dà bí èyí tí a ń ṣe fún Olúwatófaratì yìí, àfi pé kò sẹ́ni tó ju fìlà sókè. Ìyá mi wá sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé ńlá, kí gbogbo Òṣogbo mọ̀ pé ọmọ òun ti kọ́ṣẹ́ yege.

Ọlọ́runtóbilọ́ba ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Tóbi ni wọ́n ń pè mí nílé ẹ̀kọ́, Tóbi ni ọ̀gá mi ń pè mí, Tóbi ni àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ̀. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, n kò rò pé ẹnikẹ́ni tún pe orúkọ náà tán. Èmi fúnra mi kò kà á sí nǹkan kan. Mo rò pé bí orúkọ ṣe ń rí náà nìyẹn, pé wọ́n á fún ọ ní odindi aṣọ, ìwọ á sì máa fi etí rẹ̀ nu ojú.

Ilé ìtẹ̀wé tí a kọ́kọ́ dé, ọ̀gá ibẹ̀ wo orúkọ náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á gé e sí méjì, ỌLỌ́RUNTÓ á wà lókè, BILỌ́BA á wà nísàlẹ̀. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ta ló ń jẹ́ Bilọ́ba?" ló bi í. "Èmi kò bí Bilọ́ba o. Bí ẹ bá mọ ìyá rẹ̀, ẹ lọ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó fà mí lọ́wọ́, a jáde. A rìn títí a fi dé ilé ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá réluwéè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ga, ó tín-ín-rín, yíǹkì wà lórí imú rẹ̀. Mo rántí pé mo wò ó, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ẹni tí kò lè nu imú ara rẹ̀, ṣé òun ló máa tẹ ìwé tèmi? Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má fi yíǹkì orí imú dá ọkùnrin lẹ́jọ́. Bàbá Rónkẹ́ nìyẹn, ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ó ka orúkọ mi lórí ìwé tí ìyá mi mú wá. Kò mí kanlẹ̀. Ó kàn ní, "Màmá, orúkọ ènìyàn kì í kán nínú ilé ìtẹ̀wé yìí." Ó ní èèwọ̀ ni ọ̀gá òun fi kọ́ òun, pé ẹ lè gé gbolóhùn, ẹ lè gé ìkéde, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi omi àti oyin sọ fún ènìyàn, odindi ni yóò dúró. Ó wá gbé àpótí Súnmọ́ra sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tò ó. Nígbà tó débì kan, ó dúró, ó ń fọwọ́ wá inú àpótí bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.

Lẹ́tà O ló tán. Ẹ ka orúkọ mi dáadáa, O mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta péré ló wà nínú àpótí. Òkè òkun ni wọ́n ti gbẹ́ àwọn lẹ́tà yẹn, àwọn tó gbẹ́ wọn sì fi èdè tiwọn ṣírò iye tí ènìyàn á nílò. Wọ́n kó E sí i bí ẹni kó yangan, wọ́n wá fi O ṣahun. Wọn kò mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, O la fi ń jí, O la fi ń sùn. Tó bá jẹ́ ti àmì abẹ́ rẹ̀ ni, orí ìṣó ni wọ́n máa ń fi ṣe é, ìṣó kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n O kò ní arọ́pò.

Ó mú O láti inú ẹbí lẹ́tà mìíràn, èyí tó fẹ̀, ó tì í sáàárín. Áà! O náà jókòó bí ìyá oníyẹ̀fun tó wọ ọkọ̀ tó ti kún. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi pàápàá tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Bàbá Rónkẹ́ yọ ọ́ kúrò. Ojú rẹ̀ wá lọ sí agbọ̀n ìyá mi, níbi tí iṣu tí a rà bọ̀ láti ọjà wà.

"Màmá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní iṣu yín."

Ìyá mi rò pé ebi ló ń pa á. Ọkùnrin yìí gé iṣu, ó fi ọ̀bẹ kékeré gbẹ́ ẹ, ó ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn O onígi, ó ń fá a, ó ń wò ó, títí ó fi di O tó ga, tó nípọn, tó sì tẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìgba àyè wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ sáàárín, ó fi yíǹkì kùn ún, ó tẹ ìwé kan. Mo rí orúkọ mi. Ó gba orí ìwé láti etí dé etí, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní àṣà kan nílé iṣẹ́ yẹn. Wọn kì í tẹ ìyókù títí wọn yóò fi lẹ ìwé àkọ́kọ́ mọ́ ògiri òdìkejì ọ̀nà, tí wọ́n á sì bẹ ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá pé kó kà á sókè láti ibi tó wà. Bí ó bá kà á tán láìkọsẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á pariwo pé, "Ó pé!" Nígbà náà ni ẹ̀rọ á tó yí. Bí kò bá lè kà á, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á tún un tò. Lọ́jọ́ tèmi, òṣìṣẹ́ réluwéè kan ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "ỌLỌ́RUNTÓBILỌ́BA! Ta nìyẹn?"

Ilé iṣẹ́ mì tìtì. "Ó pé!"

Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, mo ń sunkún nítorí pé ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí ti pe orúkọ mi tán ní gbangba. Ó dà bí ẹni pé ara mi ti ya sí méjì, tí wọ́n wá rán an pọ̀.

Iṣu kì í ṣe igi, ẹ mọ̀. Bí ẹ̀rọ ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni O yẹn ń rọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa parí, ó ti ń fara ti lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ tó ń tòògbé nínú ìwàásù. Àwọn ìwé tí O wọn tẹ̀ jù la lẹ̀ sí àwọn kọ̀rọ̀. Ìyókù iṣu, ìyá mi gbé e kaná lẹ́yìn ilé iṣẹ́ níbẹ̀, gbogbo wa fi epo jẹ ẹ́, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dúdú fún yíǹkì, kò sẹ́ni tó kú.

Ó ku lílẹ̀. Ògì tí wọ́n fi omi gbígbóná pò ni wọ́n fi ń lẹ ìwé nígbà náà. Bàbá Rónkẹ́ kìlọ̀ fún mi pé kí n fún ewúro sí i. Mo ní ìwé kì í ṣe ọbẹ̀, mo kọtí ikún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bá mi lẹ̀ ẹ́ láti réluwéè títí dé ọ̀nà Ọjà Ọba, a sì lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ewúrẹ́ ti lá gbogbo ìwé ọ̀nà Ọjà Ọba tán. Wọ́n jẹ orúkọ mi, wọ́n jẹ orúkọ ọ̀gá mi, wọ́n jẹ ọjọ́ àti àkókò. Òbúkọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ṣì ń jẹ ỌBA lẹ́nu, kò tiẹ̀ tijú.

Ta ló wá bá mi tún un lẹ̀? Bàbá Rónkẹ́ ni. Ó gbé ìkòkò ògì tó korò bí oògùn ibà wá, ó ń lẹ̀ ẹ́, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọkùnrin bá ń bá ẹ lẹ ìwé nínú oòrùn láìsí pé o bẹ̀ ẹ́, má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kí ọdún tó yí po, mo ti di ìyàwó ilé ìtẹ̀wé.

Àfi bíi pé wọ́n dá mi fún iṣẹ́ náà. Télọ̀ mọ ibi tí aṣọ ti ń fún, ó mọ ibi tí a ti ń tú u. Títo Súnmọ́ra kò yàtọ̀ sí i. Gbìn-ìn, kẹ̀rẹ̀, gbìn-ìn, kẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ wa máa ń ké, Rónkẹ́ kò lè sùn lọ́sàn-án bí kò bá gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan tó ń kọ́ ìrìn, ó di odindi páànù lẹ́tà mú, ó sì fà á wálẹ̀ lé wa lẹ́sẹ̀. Ìkéde wáásí àti ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì dàpọ̀ mọ́ra nílẹ̀. Ìmáàmù àti pásítọ̀ jọ dé wá gba iṣẹ́ wọn, wọ́n bá wa lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ká agbádá sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá wa ṣa lẹ́tà. Rónkẹ́ wà ní kíṣìnnì, ó ń gbọ́ mi. Bí ó bá fẹ́, kó sẹ́ ẹ.

Ẹ̀yìnlẹ́yìn la máa ń to lẹ́tà, kó tó lè jáde dáadáa lórí ìwé. Nítorí náà mo mọ ìwé kà láti ẹ̀yìn bí mo ti mọ̀ ọ́n láti iwájú. Títí dòní, bí ọkọ̀ aláìsàn bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wa lórí fíríwéè, títì márosẹ̀ Dallas níbí, ẹ̀yin á máa fi dígí wo ohun tí wọ́n kọ ní ẹ̀yìnlẹ́yìn síwájú rẹ̀. Èmi á kàn yíjú padà, mo ti kà á tán.

Ṣùgbọ́n ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la. Kọ̀ǹpútà dé. Ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ wa lánàá bẹ̀rẹ̀ sí gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tó ń tẹ bọ́tìnì. Bàbá Rónkẹ́ kò bínú. Ó ń nu àwọn Súnmọ́ra pẹ̀lú kẹrosínì títí agbára rẹ̀ fi tán. Nígbà tí Rónkẹ́ lóyún ọmọ rẹ̀ níbí, ní àdúgbò Vickery Meadow, ó rọbí títí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ara wọn. Bàbá Rónkẹ́ jókòó ti fóònù ní Òṣogbo, ó kọ̀ kò jẹun. Nígbà tí wọ́n pè é pé ìyá àti ọmọ wà láàyè, ó ní, "Olúwatófaratì ni. Mo fara tì í, kò yẹ̀." Orúkọ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Kò rí ọmọ náà sójú. Ó sùn kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí jókòó.

Mo wá sí Dallas láti bá wọn tọ́mọ. Kí n tó padà lọ wo ilé, ikán ti wọ inú àpótí. Ìwọ̀nba tí ikán ṣẹ́kù, ìyá tó háyà yàrá ẹ̀yìn ti fi dáná ẹ̀wà. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó bu ẹ̀wà náà fún mi, ó sì dùn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Igi tó ti kéde ayọ̀ gbogbo ìlú, ó tún wá se ẹ̀wà jinná, kí ló kù tó lè ṣe?

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Rónkẹ́ ń gbé mi bọ̀ láti ìlú Euless, mo gbójú sókè lórí fíríwéè, mo sì pariwo. Rónkẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya kúrò lójú ọ̀nà. Ó ní, "Màámi, kí ló ṣẹlẹ̀? Àyà ló ń dùn yín ni?" Nọ́ọ̀sì ni, àyà ló máa ń kọ́kọ́ rò. Mo ní, "Súnmọ́ra ni! Wò ó lókè!" Pátákó lọ́yà ni, àwọn tó ní kí o pe àwọn bí ọkọ̀ bá kọ lù ọ́. Lẹ́tà náà ga, ó nípọn, èjìká kan èjìká, bí ìgbà tó jáde láti inú àpótí wa. Mo juwọ́ sí lọ́yà náà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi láti orí pátákó.

Ní báyìí, ẹ̀yin náà mọ ìṣe àdúgbò Lake Highlands yìí. Bí ó bá ti di oṣù Mée, iwájú ilé gbogbo á kún fún pátákó àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́. Rónkẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Wọ́n ní orúkọ náà gùn jù, pé kí àwọn gé e sí méjì, tàbí kí àwọn kọ "Tófà" ńlá. Ó wá bi ọmọ léèrè níwájú mi.

Olúwatófaratì kò tilẹ̀ gbójú kúrò lórí fóònù. Ó ní, "Just put Tofa, Mom. It's fine. Kò sẹ́ni tó lè pè é tán anyway. Tófà náà ni mo máa lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Rónkẹ́ wo ojú mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kò tó ìjà."

N kò jà. Mo dìde, mo lọ jókòó sí yàrá mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ náà fẹ́ wọ inú ayé lọ, kó sì fi ohun kan ṣoṣo tí bàbá ìyá rẹ̀ fún un sílẹ̀ sórí koríko níbí. N kò sì fẹ́ bá a wí, nítorí èmi náà ti jẹ́ Tóbi rí, èmi náà ti sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, ó kan ìlẹ̀kùn. "Grandma, ẹ má bínú. Ẹ ò jẹun." Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín yìí, iṣu, ewúrẹ́, kẹ̀kẹ́ òṣìṣẹ́ réluwéè, gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ewúrẹ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo dé orí bàbá ìyá rẹ̀ tó jókòó ti fóònù ní Òṣogbo, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ èyí fún òun rí.

Ó jáde, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. "Grandma, àwọn lẹ́tà yẹn, báwo ni wọ́n ṣe rí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà hàn mí. Àwọn ọmọ ayé ti ya lẹ́tà bí eku ti ń bímọ! Mo ní, "Èyí sanra jù. Èyí wọ bàtà. Èyí ń jó, kí ló ń jó fún? Èyí ga, ṣùgbọ́n ebi ń pa á." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yí i. Lójijì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wà níbẹ̀. Gíga, dúdú, láìsí bàtà, láìsí fìlà, ó sún mọ́ra. Mo ní, "Òun nìyẹn. Ẹbí mi nìyẹn." Ó tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, odindi rẹ̀, ó sì wọlé sórí ìlà kan ṣoṣo.

Mo bi í pé, "O mélòó ló wà nínú àpótí yẹn?"

Ó wò mí bí ẹni pé n kò bi ìbéèrè gidi. Ó ní, "Kì í tán, Grandma." Ó fi ìka lé O, ó ń jáde, ó ń jáde, ó kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ilẹ̀. Mo jókòó, mo ń wo O. Mo rántí Bàbá Rónkẹ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti iṣu. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. O tí kì í tán! Ká ní ó rí èyí, ó máa jó.

A tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé aṣọ, mo gé inú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kúrò. Rónkẹ́ ra pátákó gígùn kan fún wa láìjiyàn mọ́, a tò wọ́n sórí rẹ̀, a sì fi ọ̀dà kun àlàfo wọn. Olúwatófaratì ló ń kùn, èmi ló ń tì wọ́n mọ́ra. Mo ní, "Sún un, sún un díẹ̀ sí i, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níta." Nígbà tó gbẹ, a gbé e jáde sórí koríko ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá.

Mo wá sọ fún un pé kò tíì parí. Ẹni tó ń kọjá gbọ́dọ̀ kà á sókè láti òdìkejì ọ̀nà. A dúró. Ẹ̀yin náà mọ Dallas, ta ló ń fi ẹsẹ̀ rìn? Ọkọ̀ ń kọjá, ọkọ̀ ń kọjá. Bàbá òyìnbó tó máa ń mú ajá rẹ̀ ṣeré ló kọ́kọ́ yọ. Ó dúró ní òdìkejì, ó yọ gíláàsì, ó nù ún, ó ń mi ẹnu. Ó gbìyànjú títí dé ààbọ̀, ó juwọ́ sí wa, ó ní ó rẹwà, ajá fà á lọ. Ojú Olúwatófaratì rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Grandma?"

Mo ní, "Kò burú. Ní Òṣogbo, ẹni tó bá ti kọjá ni."

Ó wo ọ̀nà sọ́tùn-ún, ó wo ọ̀nà sósì. Lójijì, ó sáré kọjá sí òdìkejì, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ̀dà, ó yíjú sí wa. Rónkẹ́ jáde sí ẹnu ọ̀nà. Mo rí i tí ọmọ náà ń wo pátákó náà láti etí kan dé èkejì, bí ẹni tí kò tíì rí i rí. Ó fa èémí. Ó sì kà á, kì í ṣe bí wọ́n ti ń pè é nílé ẹ̀kọ́, bí bàbá ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ ni, ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ, ó wálẹ̀ níbi tó yẹ, títí ó fi dé òpin rẹ̀.

"OLÚWATÓFARATÌ!"

Kò sí òṣìṣẹ́ lẹ́yìn mi mọ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń dúró láti yí. Èmi nìkan ló kù nínú ilé iṣẹ́ yẹn láyé. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí koríko Rónkẹ́, mo sì fi gbogbo ohùn tó kù nínú mi dá a lóhùn.

"Ó pé!"